Òkèèrè Ni Wọ́n Ti Ń Wò Ó: Àwòrán Igbó àti Òkè ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1859, ní ìlú New York, èrò ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé kan, oníkálukú sì ń san sẹ́ǹtì 25 kí ó tó wọlé. Kì í ṣe eré orí ìtàgé ni wọ́n fẹ́ wò, kì í sì í ṣe ẹranko abàmì kan. Àwòrán kan ṣoṣo ni. Frederic Church ni ó yà á, ó sì pè é ní The Heart of the Andes, ìyẹn ni pé ọkàn àwọn òkè Andes, àwọn òkè gíga tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí Church ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Àwòrán náà fẹ̀ tó mítà 3, ó sì ga ju mítà 1 àbọ̀ lọ. Wọ́n jẹ́ kí yàrá náà ṣókùnkùn, wọ́n darí ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán náà, wọ́n sì ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ta kọ́tìnì sójú fèrèsé, kí ó lè dà bíi pé láti inú ilé ni ènìyàn ti ń wo òde. Ó lé ní 12,000 ènìyàn tó sanwó wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo ti rò ó títí pé kí ló mú kí ẹni tó ń gbé ìgboro, tó rí oúnjẹ jẹ, tí òrùlé sì bo ilé rẹ̀, máa sanwó kí wọ́n lè fi òkè, igbó àti omi tó lè gbé ènìyàn lọ hàn án. Bí a bá fi ẹni náà sílẹ̀ láàárín òkè Andes gan-an ní òru, kò ní rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú yàrá yẹn, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ohun kan ló ń gbé ìdùnnú náà ró, òun ni òkèèrè. Ẹni tí ewu kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ewu máa ń dára lójú rẹ̀. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí àwọn olùwòran tó rí òkèèrè náà dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá orúkọ fún ohun tí à ń sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní sublime. Kì í ṣe ẹwà lásán. Òdòdó lẹ́wà, ọmọ titun lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí òdòdó kí àyà rẹ̀ já. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá ni, kì í dúró wòran. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé nínú ọkàn kan ni: àyà rẹ já, síbẹ̀ o kò fẹ́ gbé ojú kúrò. Ìyanu abanilẹ́rù ni n ó máa pè é.

Edmund Burke, ọmọ ilẹ̀ Ireland kan, kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1757. Ó ní ohun tó lẹ́wà sábà máa ń kéré, ó máa ń jọ̀lọ̀, ara sì máa ń balẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ní ìyanu abanilẹ́rù máa ń tóbi, ó máa ń ṣókùnkùn, ó máa ń lágbára, ojú kì í sì í rí òpin rẹ̀. Ó wá fi ohun kan kún un tí mo kà sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà: bí ewu bá sún mọ́ni jù, ìrora ni, bí ó bá jìnnà díẹ̀, ó lè di ìdùnnú. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé òkèèrè ṣe pàtàkì. Wọ́n ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pa òwe yìí ń wo igi láti òkèèrè kí ó lè yà fún un. Ẹni tí Burke ń sọ ń wò ó láti òkèèrè kí ó lè gbádùn rẹ̀.

Àwọn ayàwòrán Yúróòpù gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Ní nǹkan bí ọdún 1818, Caspar David Friedrich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ya ọkùnrin kan tó dúró lórí àpáta gíga. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkùukùu sì ti bo gbogbo àfonífojì tó wà níwájú rẹ̀ bí òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ àwòrán yìí, nítorí ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí àpáta tó dúró gbọn-in ni ó fi lé. Ìkùukùu náà kò lè gbé e mì.

Nígbà tí èrò yìí rékọjá òkun dé Amẹ́ríkà, orúkọ tí a kọ́kọ́ máa ń dá ni ti Thomas Cole. Wọ́n bí i ní ọdún 1801 ní Bolton, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ní 1818, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1825, ó gba ojú odò Hudson gòkè lọ sí àwọn òkè Catskill, ó sì ya ohun tó rí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àwòrán náà dé New York, àwọn gbajúmọ̀ ayàwòrán mẹ́ta rà wọ́n, òkìkí Cole sì kàn. Àwọn tó tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi orúkọ odò yẹn pè títí di òní, Hudson River School. Church tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Cole.

Ọdún 1825 yìí kan náà ni wọ́n parí odò Erie, odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tó gùn ju kìlómítà 580 lọ, tó sì so odò Hudson pọ̀ mọ́ adágún ńlá Erie. Ọkọ̀ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, igi ń wó, oko ń gbòòrò. Ìyẹn ni pé ìgbà tí igbó ń tán lọ gan-an ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn àwòrán igbó. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn baba ńlá wọn ṣì ń bá igbó jìjàkadì kí wọ́n tó rí oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ráyè gbé igbó kọ́ ara ògiri. Ìgbà tí igbó kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan mọ́ ni ó di ohun tí wọ́n ń fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìdí mìíràn tún wà. Orílẹ̀-èdè titun ni Amẹ́ríkà nígbà náà. Kò ní ààfin àtijọ́ tàbí ilé ìjọsìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí Yúróòpù fi ń yangàn. Ohun tó ní ni òkè, odò àti igbó tó lọ salalu. Cole kọ àròkọ kan ní 1836 nípa ìrísí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ní ilẹ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ tijú níwájú Yúróòpù, ó sì dárò bí àáké ṣe ń run àwọn ibi tó dára jù lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe gígé igi ní ìlọsíwájú, ó wà lára àwọn díẹ̀ tó sọ pé ohun kan ń bàjẹ́.

Ní ọdún 1836 yìí náà ni ó ya àwòrán tí gbogbo ayé ń pè ní The Oxbow, tó wà ní Metropolitan Museum ní New York lónìí. Ó yà á láti orí òkè Holyoke ní Massachusetts, níbi tí odò Connecticut ti ṣẹ́ kọ́nà bí àjàgà ọrùn màlúù. Apá òsì àwòrán náà jẹ́ igbó dúdú, igi tí ìjì ti ṣẹ́, àti òjò tó ń ṣú lọ. Apá ọ̀tún jẹ́ oòrùn, oko tí wọ́n ti pín létòlétò, èéfín ilé, àti odò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí ọkùnrin kékeré kan tó fìlà sórí, tó jókòó sáàárín àpáta pẹ̀lú ohun ìyàwòrán rẹ̀, tó yíjú padà tó ń wò wá. Cole fúnra rẹ̀ ni. Ìjì ti kọjá lórí rẹ̀. Oko wà nísàlẹ̀. Ibi tí ó jókòó sí ni ibi tí Burke sọ: ewu wà nítòsí tó fi lè rí i, ó sì jìnnà tó fi lè yà á.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí ni àwòrán náà kò dáhùn. Ní ẹ̀bá odò Hudson tí Cole kọ́kọ́ gbà lọ, àwọn ará Mohican ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí Cole di gbajúmọ̀, wọ́n ti ń ṣí lọ sí Wisconsin, ibi tó jìnnà réré sí ilẹ̀ baba wọn. Ní 1830, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún ààrẹ lágbára láti kó àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò ní ìlà oòrùn odò Mississippi lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn òfin yìí ni The Oxbow.

Àwòrán mìíràn tí Cole yà ní 1826 jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ yé mi. Omi Kaaterskill ni, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Catskill. Nígbà tó yà á, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń lọ síbẹ̀ dáadáa. Ilé ìtura ńlá kan ti ṣí nítòsí láti 1824, wọ́n sì ti fi igi ṣe ibi ìdúró àti ibi ìdìmú fún àwọn tó ń wá wòran. Cole kò ya ìkankan nínú wọn. Dípò wọn, ó ya ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo, tó kéré bí èèrà, tó dúró lórí àpáta. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: àwọn tó wà níbẹ̀, ó yọ wọ́n, ẹni tí wọ́n ti lé lọ, ó dá a padà sínú àwòrán. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sára ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn Cole, àwọn àwòrán túbọ̀ ń tóbi, àwọn ayàwòrán sì ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn jìnnà. Albert Bierstadt, tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1830 tó sì dàgbà ní Massachusetts, tẹ̀lé àwọn tí ìjọba rán lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní 1859. Frederick Lander ni olórí wọn. Nígbà tó padà dé, ó ya The Rocky Mountains, Lander's Peak, ó sì parí rẹ̀ ní 1863. Òkè tí yìnyín bò wà lẹ́yìn, omi ń já wálẹ̀ sínú adágún, ìmọ́lẹ̀ sì dà sórí omi náà bíi pé ọ̀run ṣí. Níwájú pátápátá, ó ya àgọ́ àwọn ará Shoshone: obìnrin, ọmọdé, ẹṣin, ẹran tí wọ́n pa. Ní 1865, ẹnì kan ra àwòrán náà ní 25,000 dọ́là, owó tó pọ̀ gan-an nígbà yẹn.

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé, ṣé o ò rí i, Bierstadt ya àwọn onílẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní 1859, ó kọ lẹ́tà láti ọ̀nà pé àsìkò tó láti ya àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n ń pa rẹ́ lọ kíákíá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ewé tó ń rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò pa rẹ́ fúnra wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1863, ọdún tí ó parí àwòrán náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọlu àgọ́ àwọn ará Shoshone kan ní ẹ̀bá odò Bear, ní ibi tó di Idaho lónìí, wọ́n sì pa wọ́n, tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé. Àwọn tó kú ju 200 lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará New York ń wo àgọ́ Shoshone tó tutù minimini nínú gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n gbé àwòrán Bierstadt àti ti Church kọ́ sí kí wọ́n kọjú síra wọn. Òwò tí òkèèrè máa ń ṣe nìyí. Ó jẹ́ kí a rí òkè, kò jẹ́ kí a gbọ́ igbe.

Àfonífojì Yosemite ní California ni mo rò pé ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù. Àpáta dúró ṣánṣán bí ògiri níbẹ̀, òmíràn ga tó mítà 900, omi sì ń já láti orí wọn. Ahwahnee ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè é. Ní 1851, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí wúrà ní California, àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Mariposa Battalion wọ àfonífojì náà láti lé wọn jáde. Wọ́n dáná sun ilé àti oúnjẹ tí wọ́n ti kó pamọ́. Tenaya ni orúkọ olórí àwọn onílẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tí òun sọ fún Tenaya pé àwọn ti fi orúkọ rẹ̀ sọ adágún kan níbẹ̀, Tenaya fèsì pé adágún náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Mo ka ibí yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní òfìfo.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1855, ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú ayàwòrán kan. Bierstadt dé ní 1863. Ohun tó wú gbogbo wọn lórí ni pé ilẹ̀ àfonífojì náà tẹ́jú bí ọgbà, koríko tútù, igi ńlá sì dúró káàkiri pẹ̀lú àyè láàárín wọn. Wọ́n rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi iná jó koríko nígbà tó bá yẹ, kí igi wẹ́wẹ́ má baà gba ilẹ̀, kí igi óòkù dúdú tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ lè rí oòrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn lọ tí iná sì dáwọ́ dúró, igi kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í hù bo pápá náà. Oko ẹlòmíràn ni wọ́n rí, tí wọ́n pè é ní igbó. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lójú ẹni tó ń wò láti òkèèrè, igbó jẹ́ ewé lásán. Ọdẹ tó ń wọ inú rẹ̀ mọ ojú ọ̀nà, ó mọ ibi tí omi wà, ó mọ ẹni tó ni ìdí igi kọ̀ọ̀kan.

Yellowstone náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1870, sójà kan tó ń jẹ́ Gustavus Doane wà lára àwọn tó kọlu àgọ́ àwọn ará Piegan ní ẹ̀bá odò Marias ní Montana. Ó kéré tán, ènìyàn 173 ni wọ́n pa níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Doane tẹ̀lé àwọn kan wọ Yellowstone, ó sì kọ ìròyìn nípa àwọn ìyanu ibẹ̀: omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀, àfonífojì jíjìn, odò tó ń bú ramúramù. Ẹnì kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ní 1871, Thomas Moran lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí Ferdinand Hayden kó lọ láti wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ìlú Bolton tí wọ́n bí Cole sí ni wọ́n bí Moran náà sí, ní 1837. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ àti fọ́tò tí William Henry Jackson yà han àwọn aṣòfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1872, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin tó sọ Yellowstone di ọgbà orílẹ̀-èdè, irú èyí tí àwa lè pè ní igbó ọba. Ní ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi 10,000 dọ́là ra àwòrán ńlá tí Moran ya nípa àfonífojì Yellowstone.

Nínú Yellowstone yìí, àwọn Tukudika, ẹ̀yà kan lára Shoshone, ti ń gbé, wọ́n ń ṣọdẹ àgùntàn orí òkè. Òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí tí wọ́n ń wà níbẹ̀ láti ṣe ọ̀bẹ àti orí ọfà ti rìn jìnnà láyé àtijọ́ dé Ohio. Ilẹ̀ tí òwò rẹ̀ dé ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Síbẹ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ó di igbó ọba tí wọ́n fi kó àwọn Tukudika lọ sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn tí àwòrán náà kò ní àyè fún, òfin náà kò ní àyè fún wọn.

Mo tún fẹ́ dárúkọ ayàwòrán kan tí kò gbajúmọ̀ tó àwọn yòókù. Robert Duncanson jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n bí i lómìnira ní nǹkan bí ọdún 1821, ó sì ṣiṣẹ́ ní Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1851, ó ya Blue Hole, Little Miami River: omi tó dákẹ́, igi tó yí i ká, àwọn mẹ́ta tó ń pẹja. Kò sí ìjì níbẹ̀, kò sí àpáta tó fẹ́ wó. Odò Little Miami ń ṣàn wọ odò Ohio, odò Ohio sì ni ààlà láàárín ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú àti ilẹ̀ tí kò ti sí ẹrú. Ní 1850, ọdún kan ṣáájú àwòrán yìí, òfin titun sọ pé wọ́n lè lé ẹrú tó sá wọ inú ilẹ̀ òmìnira, kí wọ́n sì mú un padà. Fún aláwọ̀ dúdú tó ń sá lóru, igbó kì í ṣe ohun tí a ń wò láti òkèèrè. Inú rẹ̀ ni ó wà, ajá sì ń gbó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo bá wo omi Duncanson tó dákẹ́ yẹn, mo máa ń rò pé ìdákẹ́rọ́rọ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ohun iyebíye fún ẹni tí ẹ̀rù kì í ṣe eré fún.

Ǹjẹ́ kí a wá kó àwọn àwòrán yìí dànù? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tako mi ní ẹjọ́ tó dára. Ní 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fi Yosemite sí abẹ́ àbò California kí gbogbo ènìyàn lè máa gbádùn rẹ̀. Àwọn àwòrán àti fọ́tò ìgbà náà wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò ì bá ti gé àwọn igi ńlá ibẹ̀, wọn ì bá sì ti ṣọgbà yí omi náà ká kí wọ́n lè máa gba owó ẹnu ọ̀nà. Ìyanu abanilẹ́rù tí ayàwòrán fi sínú ọkàn àwọn ènìyàn ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé àwọn nǹkan kan wà tí a kì í tà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, pàápàá fún àwa tí à ń rí bí igbó tiwa ṣe ń tán.

Àmọ́ a lè dúpẹ́ fún ohun tí wọ́n dá sí, kí a sì sọ ohun tí wọ́n gbà. Kò yẹ kí ọ̀kan pa èkejì mọ́lẹ̀. Ààbò igbó kò nílò irọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí. Ní Yosemite, irọ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní 1969 ni wọ́n run àwọn ilé tó gbẹ̀yìn ní abúlé àwọn onílẹ̀ tó wà nínú ọgbà náà. Ní Yellowstone, òkè kan ń jẹ́ orúkọ Doane títí di 2022, ọdún tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí First Peoples Mountain, òkè àwọn ará àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ Shoshone, Piegan àti àwọn tó ti Ahwahnee jáde ṣì wà láyé. Wọn kò pa rẹ́ bí Bierstadt ṣe rò.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi kò ju ìbéèrè méjì lọ, nígbàkigbà tí ẹ bá rí àwòrán òkè tàbí igbó tó mú àyà yín já, ì báà jẹ́ nínú ìwé, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Èkínní: níbo ni ẹni tó yà á dúró sí, kí ló sì jẹ́ kí ó lè dúró síbẹ̀ láìfòyà? Èkejì: ta ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì kò ní ba ẹwà àwòrán jẹ́. The Oxbow ṣì rẹwà lójú mi bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé ọkùnrin kékeré tó yíjú wò wá láàárín àpáta yẹn wà lórí ilẹ̀ tó ti ní orúkọ kí ó tó dé ibẹ̀.